Ìwádìí ìṣòro iná nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ìwádìí ìṣòro iná nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ ni iṣẹ́ ṣíṣàwárí ohun tí kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ti pẹ́ tan, tàbí ohun tí ń mú un kú lójú ọ̀nà, nígbà tí àbùkù náà bá wà nínú bátìrì, wáyà, kọ́ìlì, dístríbútọ̀, plọ́ọ̀gì tàbí ẹ̀rọ tí ń fi iná kún bátìrì. Ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Nàìjíríà, ríwáyà ni a ń pe oníṣẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ọkọ̀ tí àyọkà yìí dá lé ni èyí tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú: Volkswagen tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, Peugeot 404 àti 504, Morris Minor àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìṣòro tí a ń dá kábúrétọ̀ lẹ́bi fún ló jẹ́ ti iná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti iná náà kì í sì í ṣe pé ohun èlò kan ti bàjẹ́ pátápátá. Ìsopọ̀ kan ló dẹ̀, tàbí ó dípẹtà, tàbí omi wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú pípààrọ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti ń rìn ní Abẹ́òkúta láti ìgbà ìjọba amúnisìn. A sábà máa ń dárúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti (1900–1978), olùkọ́ àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, Morris Minor tí a ṣe láàárín 1948 àti 1971 sì wà lára wọn. Ìjàpá ń ti Jámánì wọlé kí ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó ní 1975. Ní ọdún kan náà ni Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. 504 tó ń ti ibẹ̀ jáde di ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, wágọ́nù rẹ̀ sì di ọkọ̀ akérò láàárín ìlú sí ìlú.

Díẹ̀ nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn mìíràn jẹ́ ogún: ọkọ̀ bàbá tí a gbé sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn ìsìnkú, tí kò tan mọ́, tí àwọn ọmọ kò sì fẹ́ tà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni oníríin àlòkù máa ń fi òṣùwọ̀n rà nígbẹ̀yìn, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ wáyà kan ṣoṣo ló já nínú rẹ̀.

Ríwáyà àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ríwáyà ti wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni níbẹ̀, ó túmọ̀ sí kí a tún wáyà fà; nínú Yorùbá ó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ tí ń tọ́ka sí ènìyàn. Ríwáyà yàtọ̀ sí mẹkáníìkì tí ń tú ẹ́ńjìnnì, ó sì yàtọ̀ sí oníbátìrì tí ń gba owó láti fi iná kún bátìrì. Ìpín iṣẹ́ yìí kan ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú gidigidi, nítorí pé orí ààlà ni dístríbútọ̀ wà: mẹkáníìkì ló sábà máa ń tún kọ́ńtáàkì àti táímìǹgì ṣe, ríwáyà ló ń ṣe èyí tó wà láti bátìrì dé kọ́ìlì. Bí àbùkù bá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, olúkúlùkù lè fi tọkàntọkàn sọ pé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì ni ìṣòro wà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ń dá àṣìṣe sílẹ̀, òun náà ni “iná”. Yorùbá ń lò ó fún iná tí ń jó, fún ìmọ́lẹ̀, àti fún iná mànàmáná. Bí oníbàárà bá wí pé “kò sí iná nínú mọ́tò mi”, ó lè jẹ́ pé iná iwájú kò tàn, tàbí pé bátìrì ti kú, tàbí pé plọ́ọ̀gì kò ta iná. Ríwáyà tó mọṣẹ́ a kọ́kọ́ béèrè èyí tó ń sọ. Nínú àyọkà yìí, “ẹ̀ta iná” ni a ó máa lò fún iná kékeré tí ń ta pàrà lẹ́nu plọ́ọ̀gì.

Bí iná ṣe ń dé orí plọ́ọ̀gì

Bátìrì ọkọ̀ kò ní ju volt 12 lọ, ti ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí a ṣe títí dé 1966 kò tilẹ̀ ju 6 lọ. Agbára yìí kéré jù láti fo àlàfo ẹnu plọ́ọ̀gì. Ọgbọ́n tí a fi ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti inú àwárí Michael Faraday ní 1831 wá: bí iná tí ń ṣàn nínú wáyà tí a ká bá yí padà lójijì, yóò bí iná mìíràn nínú wáyà tí a ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ló sọ ọgbọ́n náà di ètò onítibátìrì tí Cadillac gbé sínú ọkọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1910, ìpìlẹ̀ ètò yẹn náà ló sì wà nínú Ìjàpá àti nínú 504.

Iná ń jáde láti bátìrì, ó ń gba ojú kọ́kọ́rọ́ lọ sínú kọ́ìlì. Oríṣi wáyà méjì ni a ká síbẹ̀: èyí tó nípọn, tí ìká rẹ̀ kò pọ̀, àti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ìká rẹ̀ pọ̀ jọjọ. Láti wáyà tó nípọn, iná ń lọ sí kọ́ńtáàkì, ìyẹn ẹnu irin kékeré méjì tí ń pàdé tí wọ́n sì ń yà nínú dístríbútọ̀. Bí wọ́n bá pàdé, iná ń ṣàn. Bí wọ́n bá yà, ìṣàn náà já lójijì, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ju iná tó lè tó 20,000 volt síta. Kọ́ńdẹ́ńsà wà níbẹ̀ láti gba iná tí ìbá máa jó ẹnu kọ́ńtáàkì, òun náà ló sì ń mú kí ìjájá ọ̀hún yá. Iná ńlá yìí ń wọ àárín ìdérí dístríbútọ̀, rótọ̀ tí ń yí lábẹ́ rẹ̀ sì ń pín in fún plọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin bá ń yí ní ìgbà 3,000 nínú ìṣẹ́jú kan, kọ́ńtáàkì ń yà ní ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò yani lẹ́nu pé ó máa ń jẹ.

Ètò ìpín náà jẹ́ 1-4-3-2 fún Ìjàpá, ó sì jẹ́ 1-3-4-2 fún Peugeot 504. Ẹni tó bá ti mọ́ ọkọ̀ Jàpáánù lára gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nídìí Peugeot yìí, nítorí ẹ̀yìn, níhà fáíwíìlì àti gíábọ́ọ̀sì, ni a ti ń ka sílíńdà rẹ̀, kì í ṣe láti iwájú. Wáyà plọ́ọ̀gì tí a tò láìka èyí sí ti mú kí a tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àbùkù.

Gbogbo iná tó jáde láti bátìrì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, ara irin ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Àwọn ríwáyà ń pe ìsopọ̀ ara ọkọ̀ yìí ní áàtì. Nínú Ìjàpá àti Peugeot, ẹnu bátìrì tí a kọ àmì ìyọkúrò sí ni a so mọ́ ara ọkọ̀; nínú ọ̀pọ̀ Morris Minor, ẹnu tí a kọ àmì ìròpọ̀ sí ni. Ẹni tó bá ra rédíò òde òní sínú Morris tí kò sì wo èyí yóò jó rédíò náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ibi tí ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a mọ̀ bóyá sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa. Bí kò bá yí i, tàbí tí ó ń yí i bí ẹni tó rẹ̀, kò tíì yẹ kí a fọwọ́ kan dístríbútọ̀. A ó tan iná iwájú, a ó sì ní kí ẹnìkan ta kọ́kọ́rọ́. Bí iná iwájú bá ṣókùnkùn tàbí tó kú pátápátá, bátìrì tàbí ẹnu wáyà rẹ̀ ni ká wò. Bí ó bá dúró ṣinṣin tí sítátà kò sì dún, iná kò dé ọ̀dọ̀ sítátà nìyẹn: ojú kọ́kọ́rọ́, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ síbẹ̀, tàbí orí sítátà fúnra rẹ̀ ni àbùkù wà. Ẹni tó bá ní mítà lè rí i lójú rẹ̀: bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yóò fi nǹkan bí volt 12.6 hàn, èyí tó bá fi 12.2 hàn ti dé ìdajì. Bí ó bá já sísàlẹ̀ 9.6 nígbà tí sítátà ń yí, bátìrì náà kò lágbára tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò ń kọrin geerege.

Ìpẹtà funfun tàbí aláwọ̀ ewé tí ń hù lẹ́nu bátìrì máa ń dí iná lọ́nà ju bí ó ti hàn lọ. Omi gbígbóná àti ìyẹ̀fun sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó tó láti fọ̀ ọ́, kí a sì fi gíríìsì díẹ̀ bò ó lẹ́yìn tí a bá ti dè é le. Fífi òkúta tàbí sípánà gbá ẹnu bátìrì kí ó lè mú wọ́pọ̀ ní gáréèjì wa. Ó yẹ kí a fi í sílẹ̀, torí pé ó ń ya òjé inú bátìrì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Áàtì gíábọ́ọ̀sì Ìjàpá yẹ ní àkíyèsí lọ́tọ̀. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ jókòó, okùn bàbà pẹlẹbẹ kan ló sì so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Bí okùn náà bá já, iná sítátà yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà, àní gba okùn irin tí ẹsẹ̀ awakọ̀ fi ń fa kábúrétọ̀. Bí okùn yìí bá ń gbóná nígbà tí a ta kọ́kọ́rọ́, kí a má ṣe ra sítátà tuntun. Áàtì ni ká wò.

Wíwá ẹ̀ta iná

Bí sítátà bá ń yí dáadáa tí ẹ́ńjìnnì kò sì dáhùn, a ó yọ wáyà àárín kúrò nínú ìdérí dístríbútọ̀. A ó fi pláyà tí rọ́bà bo ọwọ́ rẹ̀ mú un, a ó sì gbé ẹnu rẹ̀ sí nǹkan bí mílímítà 6 sí irin ẹ́ńjìnnì, níbi tí epo kò sí, kí ẹnìkan tó ta kọ́kọ́rọ́. Kí a tó ṣe èyí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbẹ: bí epo bá ń jò lára kábúrétọ̀ tàbí ìgò pẹtiróòlù wà nítòsí, ìdánwò yìí lè jó ọkọ̀ àti ènìyàn. Ẹ̀ta iná tó dára jẹ́ búlúù, ó sì ń dún pá-pá-pá. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kò ní agbára.

Bí ẹ̀ta iná bá lágbára níbẹ̀, bátìrì, kọ́ìlì, kọ́ńtáàkì àti kọ́ńdẹ́ńsà ti yege. Ìdérí, rótọ̀, wáyà plọ́ọ̀gì àti plọ́ọ̀gì ló kù. Plọ́ọ̀gì 404 àti 504 jìn sínú ihò tó la ìdérí ẹ́ńjìnnì kọjá. Omi tàbí ọ́ìlì máa ń gbára jọ sísàlẹ̀ ihò yìí, iná á sì máa sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ dípò kí ó dé ẹnu plọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi fọ ẹ́ńjìnnì 504 kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Bí kò bá sí ẹ̀ta iná rárá, irinṣẹ́ tó kù kò wọ́n: gílóòbù volt 12 tí a jó wáyà méjì mọ́, tí àwọn ríwáyà ń pè ní tẹ́sítà. A ó so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan mọ́ ara ọkọ̀, a ó tan kọ́kọ́rọ́, a ó sì fi èkejì kan ẹnu kọ́ìlì tí iná ń gbà wọlé, èyí tí a kọ 15 sí lára kọ́ìlì Bosch. Bí gílóòbù kò bá tàn, iná kò dé kọ́ìlì nìyẹn, ojú kọ́kọ́rọ́ tàbí wáyà ló fà á. Bí ó bá tàn, a ó gbé e lọ sí ẹnu kejì, èyí tí a kọ 1 sí, tí wáyà rẹ̀ lọ sí dístríbútọ̀, a ó sì ní kí a yí ẹ́ńjìnnì. Gílóòbù gbọ́dọ̀ máa tàn kó máa kú: ó ń tàn nígbà tí kọ́ńtáàkì bá yà, ó ń kú nígbà tí wọ́n bá pàdé. Bí ó bá tàn ṣáá láìkú, kọ́ńtáàkì kò pàdé, tàbí ẹnu wọn dọ̀tí, tàbí áàtì dístríbútọ̀ kò mú. Bí kò bá tàn rárá, a ó yọ wáyà dístríbútọ̀ kúrò lẹ́nu kọ́ìlì. Bí gílóòbù bá tàn báyìí, inú dístríbútọ̀ ni iná ti ń sá wọlẹ̀: kọ́ńtáàkì kò yà, tàbí wáyà rẹ̀ bó, tàbí kọ́ńdẹ́ńsà ti jó. Bí kò bá tàn síbẹ̀, wáyà inú kọ́ìlì ti já.

Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kò sì sí ohun kan tí a rà. Ẹni tó bá fò ó lè ra kọ́ìlì, kọ́ńdẹ́ńsà, kọ́ńtáàkì àti plọ́ọ̀gì ní ọjọ́ kan, kí ọkọ̀ sì tan nítorí pé ọwọ́ ríwáyà ṣèèṣì kan wáyà tó dẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò tún kú.

Àlàfo kọ́ńtáàkì, nígbà tó bá yà dé ìpẹ̀kun, jẹ́ nǹkan bí mílímítà 0.4 nínú Ìjàpá àti nínú 504. Ti plọ́ọ̀gì sún mọ́ 0.6 sí 0.7. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo ló yẹ ká lò. Páálí tí a ká lè gbé ènìyàn délé, àmọ́ kò tó fún àtúnṣe gidi. Bí a bá yí àlàfo yìí padà, àsìkò ẹ̀ta iná yí padà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà táímìǹgì ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Kọ́ńtáàkì tuntun máa ń ní ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu láti ilé-iṣẹ́. A gbọ́dọ̀ fi aṣọ mímọ́ nù ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ kò ní tan, a ó sì rò pé ayédèrú ni a rà.

Òjò àti ooru

Òjò ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin, ó sì ń lọ dé oṣù kẹwàá. Àsìkò yìí ni ọkọ̀ tó ti ń ṣe dáadáa láti ọyẹ́ máa ń kọ̀ ní òwúrọ̀. Ìrì tó wọ inú ìdérí dístríbútọ̀ tó láti dí i lọ́wọ́. Ihò afẹ́fẹ́ wà lára ìdérí ẹ̀yìn Ìjàpá, òjò sì lè gbà á wọlé bọ́ sórí dístríbútọ̀ àti kábúrétọ̀. Aṣọ gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Àwọn kan ń fi ọ̀rá láílọ́ọ̀nù di dístríbútọ̀ pa; èyí ń sé ìrì mọ́ inú, ó sì lè yọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ìdérí bá ti ní ìlà dúdú wínníwínní bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, iná ti la ọ̀nà tirẹ̀ níbẹ̀. Nínù kò tún ràn án mọ́, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì lálẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn, a lè rí iná búlúù tí ń rá lára wáyà plọ́ọ̀gì tó ti sán.

Ìṣòro ooru le ju ti òjò lọ láti mọ̀, ó sì wọ́pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú àpáta àti òkè, níbi tí ọkọ̀ ti ń gun gẹ̀rẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Sàpọ́n tàbí Lafẹ́nwá lójú oòrùn ọ̀sán. Ọkọ̀ á kú lójijì, kò ní tan fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á tan bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan ni pé pẹtiróòlù ti di oru nínú ọ̀nà epo. Èkejì ni pé kọ́ìlì tàbí kọ́ńdẹ́ńsà kò gba ooru mọ́, wáyà inú rẹ̀ ń yà bó ti ń gbóná, ó sì ń padà pàdé bó ti ń tutù. Da omi lu pọ́ọ̀ǹpù epo, ọkọ̀ tan. Da omi lu kọ́ìlì, ọkọ̀ tan. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àkókò tó kọjá ló mú un tan nígbà méjèèjì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó dájú láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí a wo ẹ̀ta iná lójú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ kú, kí ó tó tutù. Bí ẹ̀ta iná bá lágbára, ọ̀rọ̀ epo ni. Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ iná ni. Ìwádìí tí a ṣe ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì, nígbà tí gbogbo nǹkan ti tutù, kò lè sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ooru tún ní ọ̀nà mìíràn nínú Peugeot. Nínú 404 àti nínú ọ̀pọ̀ 504, fáànù kì í yí nígbà gbogbo: bí omi bá gbóná ni iná ń lọ sínú òòfà kan tó gbá fáànù mú kí ó lè máa yí. Bí káábọ̀nù kékeré tí ń gbé iná náà bá jẹ tán, tàbí wáyà rẹ̀ já, omi yóò hó, a ó sì máa dá rédíétọ̀ lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dè é pa kí ó lè máa yí láìdúró. Ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń jẹ epo díẹ̀ sí i.

Iná tó yẹ kó padà sínú bátìrì

Bí iná pupa inú ọkọ̀ bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, dáínámò tàbí ọ́tánétọ̀ kò fi iná kún bátìrì mọ́. Nínú Ìjàpá, dídúró lójú ẹsẹ̀ ni. Fáńbẹ́ẹ̀tì kan náà tó ń yí dáínámò ló ń yí fáànù tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì, Ìjàpá kò sì ní omi tí yóò tù ú. Bí bẹ́ẹ̀tì bá já tí awakọ̀ sì ń rìn lọ, ẹ́ńjìnnì ni yóò jó. Bí bẹ́ẹ̀tì bá wà níbẹ̀ tó sì le, mítà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí volt 13.8 sí 14.4 hàn lẹ́nu bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré díẹ̀. Èyí tó kéré sí i ń pa bátìrì díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kọjá 15 ń sè é.

Ó wọ́pọ̀ kí oníṣẹ́ yọ ẹnu bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti wò bóyá ọkọ̀ yóò kú. Dáínámò àtijọ́ lè fara da èyí. Ọ́tánétọ̀ kò lè fara dà á: iná rẹ̀ lè fò sókè lójijì kí ó sì jó àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Mítà kékeré kò tó ìdá díẹ̀ nínú owó ọ́tánétọ̀.

Fíúùsì àti jíjóná ọkọ̀

Fíúùsì ọkọ̀ àtijọ́ kò pọ̀, ohun púpọ̀ ni kò sì sí lábẹ́ ààbò wọn. Nínú Ìjàpá, wáyà tó lọ sí kọ́ìlì kò ní fíúùsì kankan. Fíúùsì Ìjàpá jẹ́ ọ̀pá kékeré, funfun ni ti ámpíà 8, pupa ni ti 16. Bí ọ̀kan bá ń já léraléra, wáyà kan ń bó sí ara irin níbì kan. Ohun tí a sì sábà ń ṣe ni kí a ká fọ́nrán bàbà tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá mọ́ ọn kí ó má bàa já mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, wáyà tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, nítòsí tìmùtìmù àti ọ̀nà epo, ló di fíúùsì.

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá wà. Bí ènìyàn tó wúwo bá jókòó síbẹ̀, irin sípíríńgì ìjókòó lè kan ẹnu bátìrì, kí okùn àgbọn inú ìjókòó sì gba iná. Ìdérí bátìrì tí a ṣe fún un máa ń sọnù lẹ́yìn pípààrọ̀ bátìrì mélòó kan. Rọ́bà táyà inú tí a gé tó láti rọ́pò rẹ̀, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àtúnṣe tó rọrùn jù tí ẹni tó ni Ìjàpá lè ṣe. Fèrè ńlá, rédíò àti iná àfikún tí a so mọ́ wáyà àtijọ́ láìsí rílè tún ń dá kún ewu náà, nítorí pé wáyà ọ̀hún kò nípọn tó láti gbé gbogbo wọn. Òfin ìrìnnà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ààbò Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, ń mú ṣẹ béèrè pé kí apaná wà nínú ọkọ̀. Nínú Ìjàpá, ibi tí ọwọ́ awakọ̀ ti lè tètè tó o níwájú ló yẹ kó wà, kò yẹ kó wà lẹ́yìn níbi tí iná ti lè bẹ̀rẹ̀.

Iná iwájú àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú 1972

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Iná iwájú ọkọ̀ tí a ṣe fún apá òsì, tí Morris Minor jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni a gbé kalẹ̀ kí ó lè máa rẹlẹ̀ sí etí òsì ọ̀nà nígbà tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lónìí, ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ yẹn. Bí àwọn awakọ̀ bá ń bú ẹni tó ti rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́, kí ó wo gíláàsì iná náà bóyá ti ìgbà yẹn ni. Wáyà rẹ̀ lè pé pérépéré.

Ohun èlò ìpààrọ̀

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin, Èkó, àti ọjà Ararọ̀mí ní Ìbàdàn ni a ti ń rí ohun èlò ìpààrọ̀ jù ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Kọ́ńtáàkì àti kọ́ńdẹ́ńsà tuntun tí kò dára pọ̀ níta, nítorí náà àwọn ríwáyà àgbà máa ń tọ́jú kọ́ńdẹ́ńsà àtijọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sínú agolo, wọn a sì fi í dán ọkọ̀ wò kí wọ́n tó gba tuntun gbọ́. Kọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá ètò ọkọ̀ mu. Ti Ìjàpá olóvolt 12 ní nǹkan bí ohm 3 láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Èyí tó ní ìdajì rẹ̀ ni a ṣe fún ọkọ̀ tó ní ìdínà iná lójú ọ̀nà, bí a bá sì so ó mọ́ Ìjàpá yóò gbóná, kọ́ńtáàkì yóò sì jó kíákíá.

A lè yọ kọ́ńtáàkì kúrò pátápátá kí a sì fi ẹ̀rọ kékeré tí ń lo òòfà sínú dístríbútọ̀ kan náà. Ó ń mú kí ọkọ̀ tètè tan, kò sì nílò àtúnṣe àlàfo. Àmọ́ bí ó bá kú láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, kò sí sáńpépà tó lè jí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í sínú ọkọ̀ wọn ṣì ń gbé kọ́ńtáàkì àti kọ́ńdẹ́ńsà kan pamọ́ sínú ọkọ̀, pẹ̀lú sukudíráfà tí yóò tò wọ́n.